Gbèsè Tó Ń Pa Owó Wọlé: Káàdì 0% àti Akáńtì Ìfipamọ́ ní Ìlú Ọba

Báńkì kan ní Ìlú Ọba lè fún yín ní káàdì kírẹ́díìtì tí kò ní gba èlé kankan lórí ohun tí ẹ bá fi rà fún oṣù 20. Báńkì mìíràn lè máa san èlé 4% lọ́dún fún yín lórí owó tí ẹ bá kó sọ́dọ̀ rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni èrè wà. Ẹ jẹ́ kí káàdì san owó oúnjẹ, owó epo mọ́tò àti owó aṣọ àwọn ọmọ, kí owó oṣù tó yẹ kó san wọ́n lọ jókòó sínú akáńtì tó ń mú èlé wá. Nígbà tí báńkì àkọ́kọ́ bá béèrè owó rẹ̀, ẹ dá a padà bó ṣe rí. Èlé tó ti wọlé kó tó dìgbà náà, tiyín ni. Stoozing ni àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ń pè é.

Kò lòdì sí òfin, ẹ ò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Báńkì mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é. Ó ṣì ń polówó káàdì náà nítorí ó mọ̀ pé àwọn mìíràn wà tí wọn ò ní lè san gbèsè wọn tán kí àkókò tó pé, èlé tó sì ń dé bá wọn lẹ́yìn náà kì í ṣe kékeré: kò ṣòro rárá láti rí káàdì tó ń gba 24% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Lára wọn ni báńkì ti ń rí owó rẹ̀.

Èrò mi nípa ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Èrè tó wà níbẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó dájú fún ẹni tó lè wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ùn nínú akáńtì tirẹ̀ kó má sì fọwọ́ kàn án. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́ tí a gbàgbé, owó tí a rò pé tiwa ni, àti lẹ́tà báńkì tí a kò kà ló ń sọ èrè di àdánù.

Kí ẹ tó ronú nípa káàdì rárá, ẹ kọ́kọ́ wo èlé ìfipamọ́ tó wà lóde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn káàdì kan ń gbé gbèsè láti orí káàdì mìíràn ní 0% láì gba ṣáájì kankan, èlé ìfipamọ́ náà sì dára. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà yìí gbajúmọ̀. Nígbà tó yá, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí gba ṣáájì lórí gbèsè tí wọ́n bá gbé. Lẹ́yìn náà ni èlé fúnra rẹ̀ wó lulẹ̀. Èlé Bank of England, báńkì àpapọ̀ Ìlú Ọba, tí èlé ìfipamọ́ sábà máa ń tẹ̀ lé, jẹ́ 5.75% ní oṣù Keje 2007. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta 2009, ó ti di 0.5%, ní oṣù Kẹta 2020, ó já sí 0.1%. Ní 0.1%, £6,000 tó jókòó fún odidi ọdún kan kò mú ju £6 lọ. Kò sí ìdí kankan tí èèyàn fi máa gba káàdì nítorí £6. Láti oṣù Kejìlá 2021 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé e sókè, ó dé 5.25% ní oṣù Kẹjọ 2023, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan kó tó máa rọra sọ̀ kalẹ̀: 4% ní oṣù Kẹjọ 2025, 3.75% ní oṣù Kejìlá 2025. Ìdí nìyí tí mo fi lo 4% nínú ìṣirò tó wà nísàlẹ̀. Tí ti àkókò yín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín sí i. Lójú tèmi, tí akáńtì tó dára jù lóde bá ń san ohun tí kò tó 2%, wàhálà rẹ̀ ti ju èrè rẹ̀ lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni owó káàdì lè gbà di owó ìfipamọ́. Ẹ lè fi káàdì ra ohun tí ẹ ì bá fi owó oṣù rà. Ẹ lè gba irú káàdì tó ń fi owó ránṣẹ́ tààrà sínú akáńtì yín. Ẹ sì lè jẹ́ kí káàdì kan gbé gbèsè káàdì mìíràn. Ti àkọ́kọ́ ló dára jù báyìí, torí kò ní ṣáájì kankan.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe máa ń lọ lóṣooṣù. Ká sọ pé ìdílé kan ń ná £500 lóṣù sórí àwọn nǹkan tí káàdì lè san: oúnjẹ, epo mọ́tò, owó ọkọ̀ ojú irin, owó fóònù. Wọ́n gba káàdì tí ààlà rẹ̀ jẹ́ £6,000, tí kò ní gba èlé fún oṣù 20. Lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó ra búrẹ́dì, wọ́n fi £500 ránṣẹ́ sí akáńtì ìfipamọ́. Láti wákàtí yẹn, káàdì ló ń san ohun gbogbo tó wà lábẹ́ £500 náà. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n jẹ káàdì ní £500, £500 sì wà nípamọ́. Báńkì ní kí wọ́n san iye kékeré kan, ká ní £25 tàbí 1% gbèsè náà, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Inú owó tó wà nípamọ́ ni wọ́n ti mú un, nítorí náà ó ku £475 lọ́tùn-ún, £475 lósì. Oṣù kejì, £500 mìíràn wọ ìfipamọ́, £500 mìíràn sì gorí káàdì. Méjèèjì di £975 kí wọ́n tó tún san iye kékeré náà.

Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí oṣù 12 fi pé. Gbèsè ti lé ní £5,600 nígbà yẹn, ó ti ń sún mọ́ ààlà, nítorí náà wọ́n fi káàdì sínú àpótí, wọ́n padà sí fífi owó oṣù ra nǹkan. Fún oṣù mẹ́jọ tó kù, iye kékeré yẹn nìkan ni wọ́n ń san. Nígbà tí oṣù 20 pé, gbèsè tó kù jẹ́ nǹkan bí £5,150, owó tí wọ́n máa fi san án sì wà níbi tí wọ́n kó o sí, pẹ̀lú èlé tó tó nǹkan bí £265 lórí rẹ̀. Ká ní báńkì ò béèrè iye oṣooṣù kankan ni, èlé náà ì bá tó £290. Sísan díẹ̀díẹ̀ yẹn ló jẹ ìyókù.

£265 láàárín oṣù 20 jẹ́ £13 àti pẹ́ńsì díẹ̀ lóṣù. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń fi hàn nípa ìnáwó: tí ìdílé yẹn bá torí pé káàdì ló ń san, tí wọ́n wá ń ná £560 dípò £500, wọ́n ti fi £60 wá £13. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nítorí náà, iye tí ẹ máa fi sórí káàdì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ìwé ìṣirò báńkì yín ti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà sẹ́yìn fi hàn pé ẹ ti ń ná tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fojú bù ú.

Ní ti bí ẹ ṣe máa rí káàdì náà gbà, ẹ má kọ́kọ́ lọ kọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù báńkì. Ẹ lo ìwádìí ìṣáájú tí àwọn báńkì àti àwọn ìkànnì tó ń fi káàdì wéra ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwádìí fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀yin lè rí i nínú fáìlì kírẹ́díìtì yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yá owó tí ẹ sì ń san án padà, àmọ́ àwọn báńkì yòókù kò lè fi dá yín lẹ́jọ́. Fọ́ọ̀mù gidi ló ń fi àmì sílẹ̀ tí àwọn báńkì mìíràn á máa rí fún ó kéré tán ọdún kan. Ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan dà bí ẹni tí ebi owó ń pa lójú wọn.

Tí ìpolówó bá kọ ọ́ pé “up to 24 months”, ó lè jẹ́ oṣù 15 ni wọ́n máa fún ẹ̀yin. Ó dára kí ẹ wá èyí tí ìwádìí ìṣáájú rẹ̀ ń sọ iye oṣù gan-an tí wọ́n máa fún yín. APR, ìyẹn iye èlé ọdọọdún, tí wọ́n kọ gàdàgbà náà rí bẹ́ẹ̀: òfin sọ pé ó kéré tán 51% àwọn tí wọ́n bá gbà gbọ́dọ̀ rí i, àwọn tó kù lè rí èyí tó ga jù ú lọ. Tí ẹ bá máa san gbèsè náà tán kó tó di ọjọ́ rẹ̀, APR kò kàn yín. Ààlà owó ló kàn yín jù, òun sì lohun tí ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ ò ní mọ̀ àfi ìgbà tí wọ́n bá ti gbà yín. Káàdì tí ààlà rẹ̀ jẹ́ £1,200 kò lè mú ju £70 wá láàárín oṣù 20, bó ti wù kó dára tó.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba kò tíì ní ìtàn nínú fáìlì Experian, Equifax tàbí TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú fáìlì kírẹ́díìtì, nítorí náà káàdì 0% tó gùn kì í sábà jẹ́ ohun ọdún àkọ́kọ́. Ohun kan wà tí ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lè ṣe lójú ẹsẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò. Orúkọ inú ìwé àwọn olùdìbò wà lára ohun tí báńkì fi ń mọ̀ pé ibi tí ẹ ní ẹ ń gbé lẹ ń gbé lóòótọ́. Ẹ rí i pé bí ẹ ṣe kọ àdírẹ́sì yín síbẹ̀ náà lẹ ṣe kọ ọ́ sí báńkì, sí ilé iṣẹ́ fóònù àti síbi gbogbo. Nọ́ńbà ilé tí wọ́n kọ lọ́nà méjì ti mú kí báńkì kọ̀ láti gba fọ́ọ̀mù tí kò yẹ kó kọ̀.

Lọ́jọ́ tí káàdì bá dé, kí ẹ tó rà ohunkóhun, ẹ ṣètò direct debit, ìyẹn àṣẹ tó ń jẹ́ kí báńkì máa yọ owó fúnra rẹ̀ nínú akáńtì yín, fún iye tó kéré jù lọ tí wọ́n ń béèrè lóṣooṣù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Direct debit máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tí ìwé ìṣirò oṣù àkọ́kọ́ bá ti jáde ṣáájú, kò ní mú owó oṣù yẹn, ẹ̀yin á sì rò pé ó ti mú un. Nítorí náà ẹ ka ìwé àkọ́kọ́ yẹn látòkè délẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́ níbẹ̀ pé direct debit máa mú owó lọ́jọ́ báyìí, ẹ fi ọwọ́ ara yín san án látinú ápù báńkì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ kò san lásìkò lè mú ìtanràn wá, £12 ló sì sábà máa ń jẹ́. Báńkì lè gba 0% náà padà pátápátá. Tó bá sì wọ fáìlì kírẹ́díìtì, ọdún mẹ́fà ló máa lò níbẹ̀. £12 nìkan ti jẹ èrè oṣù kan nínú àpẹẹrẹ tó wà lókè.

Mo fẹ́ràn kí èèyàn máa fi pọ́ùn márùn-ún tàbí mẹ́wàá lé iye tó kéré jù náà. Àwọn báńkì máa ń sọ fún ilé iṣẹ́ kírẹ́díìtì nígbà tí oníbàárà bá ń san iye tó kéré jù nìkan, kò sì dára kí irú àmì bẹ́ẹ̀ tò lórí ara wọn. Pọ́ùn mẹ́wàá lóṣù kò lè fi bẹ́ẹ̀ dín èrè kù.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí káàdì bá san ni báńkì ń kà sí ọjà rírà. Owó tí ẹ bá gbà lẹ́nu ATM kò sí lábẹ́ 0% ọjà: ṣáájì wà lórí rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an sì ni èlé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ríra owó ilẹ̀ òkèèrè. Èyí tó yẹ ká sọ kedere ni owó tí a ń fi ránṣẹ́ sílé: tí ẹ bá fi káàdì kírẹ́díìtì san owó nínú ápù ìfowóránṣẹ́, ọ̀pọ̀ báńkì máa kà á sí owó lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo ìyà tó tẹ̀ lé e. Káàdì débíìtì ni kí ẹ máa fi ṣe ìyẹn. Ríra ọjà ní owó tí kì í ṣe pọ́ùn náà sábà máa ń ní ṣáájì tó tó 3%, tó fi mọ́ ìkànnì ìtajà òkèèrè. Tẹ́tẹ́ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí wọ́n fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì kírẹ́díìtì ta á. HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí Ìlú Ọba, pẹ̀lú kì í gba káàdì kírẹ́díìtì ti ara ẹni fún owó orí láti oṣù Kìíní 2018. Oṣù yẹn kan náà ni òfin ní kí àwọn oníṣòwò má ṣe fi owó lé ọjà mọ́ torí pé oníbàárà fi káàdì san, èyí tó ṣe ẹ̀yin lóore. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ń gba káàdì fún council tax, owó orí ilé tí à ń san fún wọn. Tí tiyín bá wà lára wọn, gbèsè yín lè yára dé ààlà, kí owó tó wà nípamọ́ sì tètè pọ̀.

Àǹfààní kan tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú èlé. Òfin Consumer Credit Act ti 1974, ní abala 75, sọ pé tí ohun kan tí iye rẹ̀ lé ní £100 tí kò sì ju £30,000 lọ, tí ẹ fi káàdì kírẹ́díìtì rà, bá ní àbùkù tàbí tí olùtajà ò bá gbé e wá, ẹ lè béèrè owó yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ káàdì gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ olùtajà. Tìkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, fíríìjì, àga ìjókòó: gbogbo wọn ló wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ibi tí owó máa jókòó sí. Ohun tó dára jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni akáńtì ìfipamọ́ tí wọ́n lè mú owó nínú rẹ̀ nígbàkigbà, ní báńkì tó yàtọ̀ sí èyí tí owó oṣù ń wọ̀. Ẹ fún un ní orúkọ nínú ápù, kí ẹ kọ ọ́ pé “OWÓ KÁÀDÌ, 14 OṢÙ KẸSÀN-ÁN”, tàbí ọjọ́ yòówù tí 0% yín bá máa parí. Ẹni tó bá ṣí ápù náà ní alẹ́ tí nǹkan le máa kọ́kọ́ rí orúkọ yẹn kó tó rí iye owó. Ẹ má da owó yìí pọ̀ mọ́ owó pàjáwìrì ilé. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò sẹ́ni tó máa lè sọ èwo ni ti báńkì nínú £7,000.

Akáńtì ìfipamọ́ oṣooṣù, tí wọ́n ń pè ní regular saver, bá ọ̀nà yìí mu gan-an nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni owó wa náà ń wọlé. Èlé rẹ̀ sábà máa ń ga ju ti yòókù, ṣùgbọ́n iye tí ẹ lè fi síbẹ̀ lóṣù ní ààlà. Ẹ má sì jẹ́ kí iye tí wọ́n kọ síta tàn yín. £250 lóṣù fún ọdún kan ní 7% á mú nǹkan bí £114 wá. Kò lè mú £210, èyí tí í ṣe 7% owó £3,000, nítorí £250 àkọ́kọ́ nìkan ló lo odidi ọdún níbẹ̀. Ti ìkẹyìn lo oṣù kan. Síbẹ̀, £114 yẹn ṣì dára ju ohun tí 4% máa mú wá lórí owó kan náà, tí kò ju £65 lọ. Ẹ kọ́kọ́ kún inú rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sí akáńtì tí ẹ lè mú owó nínú rẹ̀ nígbàkigbà. Tó bá jẹ́ akáńtì tó ń ti owó pa fún ọdún kan ni, ẹ rí i pé ọjọ́ tó máa ṣí kò kọjá ọjọ́ tí 0% máa parí.

Ẹni tó ní mọ́gééjì, ìyẹn gbèsè tí a fi ra ilé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní offset, níbi tí owó ìfipamọ́ ti ń dín gbèsè tí wọ́n ń ka èlé lé lórí kù, kò nílò akáńtì mìíràn. Èlé mọ́gééjì sábà máa ń ga ju ti ìfipamọ́, èlé tí èèyàn kò san sì kì í ní owó orí.

Owó orí wọ ọ̀rọ̀ náà lápá kan. Láti oṣù Kẹrin 2016, ẹni tó wà ní ìpele owó orí 20% lè gba èlé £1,000 lọ́dún láì san owó orí lórí rẹ̀; ẹni tó wà ní ìpele 40%, £500; ẹni tó wà lókè pátápátá kò ní rárá. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ, £265 kò ní dé ibẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá ti ní owó ìfipamọ́ tiyín tó ń jẹ àyè náà tán, ẹ lo ISA, akáńtì tí èlé rẹ̀ kì í ní owó orí, fún apá kan, pẹ̀lú ìmọ̀ pé £20,000 ni òfin gbà lọ́dún owó orí kan. Ẹ má kó owó káàdì sínú ISA kí ẹ wá tìtorí rẹ̀ fi owó tiyín síta. Owó káàdì máa jáde láìpẹ́. Tiyín ló yẹ kó gba àyè tó máa pẹ́. Ní ti ààbò, FSCS, àjọ tó ń san owó padà fún oníbàárà tí báńkì bá wó, ń dáàbò bo £120,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní báńkì kọ̀ọ̀kan láti oṣù Kejìlá 2025. £85,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n jìnnà sí ọ̀nà yìí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó. Owó tó lé ní £6,000 nípamọ́ ń dín in kù, èyí tó bá lé ní £16,000 ń dá a dúró, wọn kì í sì í yọ gbèsè káàdì kúrò nínú ìṣirò náà. Owó tó jẹ́ ti báńkì lóòótọ́ á wá dà bí ọrọ̀ yín lójú wọn. Ìkejì ni ẹni tó fẹ́ ra ilé láìpẹ́. Báńkì mọ́gééjì ń rí gbèsè tó wà lórí káàdì, ó sì lè dín iye tó máa yá yín kù, bí owó rẹ̀ tiẹ̀ wà nípamọ́. Ẹ san án tán ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù ilé, torí oṣooṣù ni fáìlì kírẹ́díìtì ń yí padà. Ìkẹta ni ẹni tó ń jẹ gbèsè tó ní èlé lọ́wọ́lọ́wọ́. Tí káàdì mìíràn bá ń gba 24% lọ́wọ́ yín, owó ìfipamọ́ tó ń mú 4% wá kò ṣàǹfààní kankan. Gbèsè yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi san. Mo tún fi ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í dúró sójú kan kún un. Oṣù kan tí iṣẹ́ bá dín ló máa fi owó káàdì san owó ilé, kò sì rọrùn láti dá a padà.

Ní ti káàdì tó ń fi owó ránṣẹ́ tààrà sí akáńtì, ẹ ṣe ìṣirò ṣáájì rẹ̀ kí orí yín tó wú. Ká sọ pé wọ́n fi £4,000 ránṣẹ́ sí yín ní 0% fún oṣù 12, ṣáájì sì jẹ́ 4%. Ìyẹn £160 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ń san 1% lóṣooṣù, owó tó ń jókòó ní ìfipamọ́ á máa dín kù, èlé 4% lórí rẹ̀ á sì tó nǹkan bí £151. Ẹ ti pàdánù £9 lẹ́yìn ọdún kan ìfarabalẹ̀. Irú káàdì yìí lè wúlò fún ẹni tó fẹ́ pa gbèsè olówó gọbọi, àmọ́ kò sí èrè nínú rẹ̀ fún ìfipamọ́ àfi tí èlé bá ga ju ṣáájì lọ dáadáa tàbí tí àkókò rẹ̀ bá gùn.

Ìṣirò kan náà ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ mú kí gbèsè náà pẹ́ sí i nípa gbígbé e lọ sórí káàdì mìíràn nígbà tí 0% àkọ́kọ́ bá fẹ́ parí. Tí ṣáájì ìgbélọ bá jẹ́ 3%, gbèsè £5,150 máa ná yín ní £154, nítorí náà káàdì tuntun náà gbọ́dọ̀ fún yín ní ju oṣù mẹ́sàn-án lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí rí èrè ní 4%. Káàdì tí kò ní ṣáájì ni ó yẹ kí ẹ wá, bí àkókò rẹ̀ tiẹ̀ kúrú. Ẹ rántí pé báńkì kì í gbà kí ẹ gbé gbèsè láti orí káàdì rẹ̀ kan sí òmíràn, àwọn báńkì tí wọ́n wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà sì lè kọ̀ ọ́ bákan náà. Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti gbé e pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, 60 tàbí 90 ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ ṣí káàdì ni.

Ìjáde ló ku. Ẹ má gbára lé ìṣirò orí fún ọjọ́ tí 0% máa parí. Àwọn báńkì kan ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ṣí akáńtì, kì í ṣe ọjọ́ tí káàdì dé tàbí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rà nǹkan, nítorí náà oṣù 20 yín lè kúrú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìṣirò oṣooṣù ni kí ẹ gbà gbọ́. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe báńkì kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìrántí sórí fóònù sí oṣù kan ṣáájú, kí ẹ sì tún fi òmíràn sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì náà, ẹ kó owó jáde láti ìfipamọ́ wá sí akáńtì tí ẹ fi ń náwó, kí ẹ san gbogbo gbèsè lẹ́ẹ̀kan. Tí direct debit oṣù yẹn bá ti wà lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kó ṣì mú owó lẹ́yìn tí ẹ ti san tán. Owó yín á wá ṣẹ́ kù sórí káàdì, báńkì á sì dá a padà tí ẹ bá béèrè.

Ẹ dúró de ìwé ìṣirò tó tẹ̀ lé e kí ó fi £0 hàn. Ìgbà náà lẹ lè ronú bóyá ẹ máa ti káàdì náà pa. Tí kò bá ní owó ọdọọdún, tí ẹ ò sì fẹ́ ra ilé láìpẹ́, mo máa ń sọ pé kí ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, torí ààlà tí ẹ kò lò ń ran fáìlì kírẹ́díìtì lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé báńkì kan náà lẹ fẹ́ padà sí fún káàdì 0% tuntun, ẹ ti èyí pa: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fún ẹni tó ṣì ní káàdì wọn lọ́wọ́, tàbí ẹni tó ní in láàárín oṣù 12 tó kọjá.